Ilé Ọtí Tó Wà ní Tinúbú Tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé la mú wá lóṣù yìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gba Tinúbú lọ sí Balógun kó tó di 2016, ẹ ó rántí Ilojo Bar, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe róbótó lókè. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé máa ń kọ́. Ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ní 1933 ìdílé Ọláìyá rà á. Ní 1956 ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o.

Wọ́n wó o. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 11 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2016, Iléyá ku ọ̀la, nígbà tí ọkàn gbogbo wa wà lára àgbò. Ilé ọdún 161 di òkìtì àlàpà. Àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pariwo pé wọ́n lu òfin. Ṣé ariwo lè gbé ilé dìde?

Ká má purọ́, ilé náà ti gbó, ilẹ̀ Tinúbú sì wọ́n bí ojú. Bí ìjọba bá ní kí o má fọwọ́ kan ilé rẹ, tí kò sì bá ọ tún un ṣe, kí lo fẹ́ fi í ṣe? Ohun tó dùn wá ni pé ó ṣe é tún ṣe. Ẹ lọ wo Jaekel House ní ọgbà rélùwéè, Èbúté Mẹ́ta. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, ó di ilé ìrántí rélùwéè. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street náà ńkọ́, tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́? Láti 2010 ó ti di Freedom Park: eré ń lọ níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, àwọn olóúnjẹ sì ń tajà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ilojo Bar ì bá rí. Ìsàlẹ̀ ì bá jẹ́ gbọ̀ngán fún ìpàdé àti ìnáwó àdúgbò, òkè ì bá jẹ́ ilé ìrántí. A kò sì ní wá ohun tá a máa kó síbẹ̀ tì. Ẹ̀fúnróyè Tinúbú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, oníṣòwò bíi tiwa ni. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ iye owó gàrí nígbà ogun Hitler. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ ọ́n?

Ilé Àgùdà ṣì kù ní Pópó Àgùdà àti Campos. Àwa la ń na tápólì mọ́ ara wọn, tá a ń kan ìṣó mọ́ ògiri wọn. Ẹni tó bá ń tajà lábẹ́ ọ̀kan, kó mú nọ́ńbà ilé náà wá sípàdé tó ń bọ̀, kó sì bi onílé bóyá òrùlé rẹ̀ ń jò. A ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìjọba kí katapílà tó dé.