Gìtá àwọn àgbà onijùjú: níbo ló wọlé sí, báwo la sì ṣe lè dá a mọ̀?

Tẹ́ ẹ bá wọ òde ìnáwó ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó di dandan kẹ́ ẹ gbọ́ gìtá. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ olórin ló wà lórí pèpéle, ó sì lè jẹ́ DJ ló fi orin Ebenezer Obey sí i káwọn ìyá ìyàwó lè jó wọlé. Gìtá ṣáà gbọ́dọ̀ dún. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó wà níbẹ̀ pé irú gìtá wo làwọn tó bẹ̀rẹ̀ orin jùjú lò, kí ẹ sì tún bi í pé níbo ni gìtá ọ̀hún wà lónìí. Gbogbo ẹnu á dákẹ́. A mọ orúkọ ọ̀gá olórin, a mọ orin ẹ̀, a ò mọ irinṣẹ́ tó fi ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan tó ń ka búlọ́ọ̀gì yìí láti ilẹ̀ Rẹ́mọ ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Gìtá àtijọ́ wà lájà ilé bàbá àgbà, wọ́n fẹ́ wó ilé náà tún kọ́, àwọn ẹbí sì ní kí wọ́n dà á sórí ààtàn. Ṣé ó níye lórí ni? Ìdáhùn mi ni pé kẹ́ ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí ẹ̀, kí n sì sọ bẹ́ ẹ ṣe lè wádìí ẹ̀.

Láti bánjò dé gìtá oníná

Gìtá kì í ṣe ohun èlò tá a bá nílé Yorùbá. Ojú omi ló gbà wọlé. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó, ló gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń ta á káàkiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e nìkan ni wọ́n ń lò. Àtàǹpàkò á máa gbá àwọn okùn tó nípọn, ìka kejì á máa fa orin jáde lára àwọn okùn tín-ín-rín. Ní ìdí ẹmu l'Ékòó làwọn ọmọ wa ti kọ́ ọ.

Tunde King, tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1910, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní baba orin jùjú. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni orúkọ ẹ̀ ròkè. Tẹ́ ẹ bá rò pé gìtá bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí ló gbé dání, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Bánjò olókùn mẹ́fà la mọ̀ ọ́n mọ́: wọ́n na awọ bò ó bí ìlù, ṣùgbọ́n ọrùn ẹ̀ àti okùn ẹ̀ jẹ́ ti gìtá. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé awọ máa ń jẹ́ kí ohùn rinlẹ̀ ju pákó lọ. Ẹni tó jókòó sáàárín ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú, tí kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, á mọyì ìyẹn.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni Ayinde Bakare dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo fún iléeṣẹ́ HMV lọ́dún 1937, ohun tó sì ń ta nígbà yẹn ni ukulele-banjo, bánjò kékeré olókùn mẹ́rin. Nígbà tó di ọdún 1949 ló ṣe ohun tó yí gbogbo nǹkan padà: ó gbé gìtá onípákó, ó lẹ maikirofóònù kékeré kan mọ́ ọn lára, ó sì fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ó bọ́ sákòókò gan-an ni. Ní nǹkan bí ọdún 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú, gángan sì kì í ṣe ìlù tí gìtá lásán lè bá figagbága. Nígbà tí gìtá rí iná lò, àyè gba ìlù púpọ̀ sí i. Nígbà tí ìlù pọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó tún lè pa iná gìtá mọ́.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa o. Ọdún 1954 ni Elvis Presley gbé àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Memphis, tí Scotty Moore ń ta gìtá Gibson ES-295 fún un. Ó ti tó ọdún márùn-ún nígbà yẹn tí gìtá oníná ti ń dún lóde àríyá l'Ékòó. Mi ò sọ pé àwa la dá gìtá oníná sílẹ̀ o. Wọ́n ti ń tà á l'Amẹ́ríkà láti bí ọdún 1932. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ní ara rock and roll làwọn onijùjú ti jí gìtá oníná kò ka kàlẹ́ńdà. Gìtá gan-an àti fọ́tò ọjọ́ náà ló lè jẹ́rìí sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó kú sórí ààtàn.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn tún fẹ̀ ẹ́ lójú. I.K. Dairo dá ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1957, ó fi àkọ́díọ̀nù kún gìtá, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá lọ́dún 1963. Obey bẹ̀rẹ̀ International Brothers lọ́dún 1964, Sunny Ade sì bẹ̀rẹ̀ Green Spots lọ́dún 1967. Gìtá kan ṣoṣo di mẹ́ta, ó di mẹ́rin, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù àti omele. Nígbà tí Sunny Ade fi máa ṣe àwo Juju Music lọ́dún 1982, gìtá onírin tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ta, èyí táwọn òyìnbó fi ń kọ orin country, ti wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ta rock gidi náà ò gbẹ́yìn: ọdún 1972 ni Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀ l'Ékòó.

Kí ló wá kan Rẹ́mọ níbẹ̀?

Ẹ wo ibi tí Ṣágámù wà: àárín Èkó àti Ìbàdàn, ìlú méjì tí orin jùjú ti gbilẹ̀ jù. Owó obì wà nílùú, ìnáwó sì wà láti fi ná an. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, náà ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Ìbàdàn, lóṣù kẹwàá ọdún 1959. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tó jókòó nílé lè rí ọwọ́ olórin lára okùn, kì í ṣe kó kàn gbọ́ ọ nínú àwo. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló lọ wá gìtá tiwọn látàrí ẹ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ tí kò ṣe àwo kankan rí. Gìtá irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ṣeé ṣe jù kó wà lájà ilé yín.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ gìtá àtijọ́, ẹlẹ́rìí mẹ́ta lẹ máa pè.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni fọ́tò. Ẹ má wo ojú ẹni tó gbé gìtá, orí gìtá ni kẹ́ ẹ wò. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń gbẹ́ orí gìtá tiẹ̀, bí ilà ojú ni. Ẹ ka ìṣó tí wọ́n fi ń fa okùn le: mẹ́rin túmọ̀ sí ukulele-banjo, mẹ́fà túmọ̀ sí gìtá tàbí bánjò olókùn mẹ́fà. Ẹ wò ó bóyá wáyà jáde lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Wọ́n lè tẹ fọ́tò àtijọ́ sódì, kí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta gìtá wá dà bí ọlọ́wọ́ òsì. Tí lẹ́tà bá wà lára ìlù tàbí ògiri, ẹ kà á. Tí kò bá ṣeé kà, òdì ni fọ́tò náà wà. Bákan náà, gìtá tí wọ́n gbé ya fọ́tò ní sítúdíò lè jẹ́ ti ayàwòrán, kó máà jẹ́ ti olórin.

Ẹlẹ́rìí kejì ni àwo. Ohùn bánjò máa ń kú kíá, ó gbẹ, ó sì mú. Ti gìtá onípákó máa ń wú díẹ̀ kó tó lọ. Ti oníná máa ń fà gùn. Lára àwọn àwo àtijọ́ tó wúwo, tó sì máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun, ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti lẹ bébà sí láàárín. Wọ́n máa ń fín nọ́ńbà kan síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń jẹ́ káwọn olùwádìí mọ ìgbà tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni pákó fúnra ẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò gìtá, ẹ lè rí bébà iléeṣẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà lè wà lẹ́yìn orí ẹ̀. Ihò ìṣó kéékèèké níbi tí kò yẹ kí ìṣó wà lè jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti kan maikirofóònù mọ́ ọn nígbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nọ́ńbà iléeṣẹ́ ò lè sọ ju ọdún tí wọ́n ṣe gìtá lọ. Kò lè sọ ẹni tó ta á. Ó di ìgbà tí fọ́tò àti pákó bá sọ ohun kan náà.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1963, gìtá Gibson J-160E kan tó jẹ́ ti John Lennon nínú ẹgbẹ́ Beatles dàwátì. Gìtá onípákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ ohùn sí lára ni, ó bá ti Ayinde Bakare mu díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní San Diego tó rà á ní tòkunbọ̀ láìmọ ẹni tó ni ín. Báwo ni wọ́n ṣe dá a mọ̀? Wọ́n fi ilà ara pákó ẹ̀ wé ti fọ́tò àtijọ́, ó bára mu. Pákó méjì kì í ní ilà kan náà, bí ìka ọwọ́ èèyàn ni. Lọ́dún 2015, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Gìtá báàsì Höfner tí Paul McCartney rà ní Jámánì lọ́dún 1961 náà ńkọ́? Wọ́n jí i ní London lọ́dún 1972, ọdún kan péré kí McCartney tó wá sí sítúdíò EMI ní Apapa l'Ékòó wá ṣe àwo Band on the Run. Àwọn olùfẹ́ orin kéde lọ́dún 2023 pé kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan sọ̀rọ̀. Ibo ni wọ́n ti rí i? Àjà ilé ni o!

Ìdí tí tiwa fi ń sọnù

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀gá olórin ló sábà máa ń ni irinṣẹ́, kì í ṣe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀. Ọmọ tó bá bínú kúrò, ọwọ́ lásán ló ń gbé lọ. Gìtá á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó gba ipò ẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, gìtá kan ti lè gba ọwọ́ èèyàn mẹ́fà kọjá. Ìkejì ni ojú ọjọ́ wa: ọ̀rinrin máa ń tú gọ́ọ̀mù inú gìtá, káfíńtà á wá fi ìṣó kàn án, á tún kùn ún. Ìkẹta ló dùn mí jù. Tí bàbá bá ti kú, wọ́n á pín ilẹ̀, wọ́n á pín aṣọ, wọ́n á wá dáná sun fọ́tò àti àwo. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò yẹn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí gìtá ní.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ fi fóònù ya gìtá náà níwájú, lẹ́yìn, lórí, àti nínú ihò. Ẹ má kùn ún, ẹ má sì fi iyanrìn ha á, torí ohun tẹ́ ẹ pè ní ìdọ̀tí lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ dẹ okùn ẹ̀ kí ọrùn má baà tẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù, ooru ibẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò náà sínú fóònù. Tí ẹnì kan bá fẹ́ rà á, ẹ má fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ bá àgbàlagbà tó bá ṣẹ́kù nílé, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú fóònù yín, kẹ́ ẹ béèrè pé: "Bàbá, ta ló ni gìtá yìí kó tó kàn yín?" Gìtá lè dúró de yín fún ọdún mẹ́wàá sí i. Bàbá lè má dúró.