Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ OT: Ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó ilé-ẹ̀kọ́

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu télọ̀ kan ní Ìjàyè, tó sì mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ, ohun tó sáábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á tú ká, àwọn oníbàárà á wá kó aṣọ wọn, nígbà tó bá sì yá, wọ́n á ta maṣíìnì láti fi ra oògùn. Dókítà lè ti bá a mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àwọn físíò náà lè ti gbé e dìde tó ń fi ọ̀pá rìn, síbẹ̀ kí á má rí ẹni tó jókòó tì í láti tún kọ́ ọ bó ṣe máa di sísọ́ọ̀sì mú, bó ṣe máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́, tàbí bó ṣe máa fi ọwọ́ òsì rán ìdí aṣọ. Iṣẹ́ ẹni tó yẹ kó jókòó tì í yẹn la fẹ́ ṣàlàyé lónìí. Òbí tó bá ń wá iṣẹ́ ọsibítù tí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ láì di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ó yẹ kó gbọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ náà ní occupational therapy, OT ni wọ́n sì máa ń ké e kúrú sí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń báni wáṣẹ́. Gbogbo ohun téèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n kà sí iṣẹ́ níbẹ̀: kó wẹ̀, kó wọ bùbá, kó bu òkèlè, kó roko, kó ka ṣéńjì fún oníbàárà. Ẹni tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bá gé níka, wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ìka tó kù yan gàrí. Ọmọ tí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ kò le dáadáa látìgbà tí wọ́n ti bí i, wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jókòó, tí yóò sì máa di ṣíbí mú. Àwọn físíò ló ń mú kí apá lágbára. Àwọn OT ló ń béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́ fi apá náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì máa ń wọnú ara wọn.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Abẹ́òkúta, nípa àwọn tó ní àrùn ọpọlọ. Dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́ inú ọsibítù, wọ́n ní kí àwọn àti mọ̀lẹ́bí wọn máa gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sí abúlé, wọ́n sì ń bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Iṣẹ́ oko yẹn wà lára ìwòsàn wọn. Ohun tó sì yẹ kí oníṣòwò fetí sí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn onílé tó gbà wọ́n sílé rí owó ilé gbà. Ìjàyè tó jẹ́ ìlú àgbẹ̀ kò níí rí ohun tó ṣàjèjì nínú irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ OT yàtọ̀ sí OT fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni òbí ti lè fi owó ṣòfò. OT ló ń yẹ aláìsàn wò, òun ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ. Olùrànlọ́wọ́ ló ń bá aláìsàn ṣe é lójoojúmọ́, tó ń kọ bó ṣe ń lọ sílẹ̀, tó sì ń jábọ̀ fún ọ̀gá. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù télọ̀: ọ̀gá ló ń wọn oníbàárà, òun ló ń gé aṣọ, ọmọ iṣẹ́ tó ti mọṣẹ́ ló ń rán an. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ télọ̀ á gba fìrídọ́ọ̀mù, á sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ ọ̀gá ni olùrànlọ́wọ́ OT máa wà títí tó fi máa fẹ̀yìn tì, àfi tó bá padà lọ kàwé sí i. Ẹni tó bá ń rò ó pé ọmọ òun á kọ́ ọ tán, á ṣí ilé ìtọ́jú sí Mọ́níyà, kó yáa tún un rò.

Nílẹ̀ wa níbí, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin 1988 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn OT àti físíò sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di OT gan-an lè lọ sí yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, ọdún 5 ni wọ́n ń fi kọ́ ọ. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní Yábàá náà ní ilé-ẹ̀kọ́ OT ní ẹ̀ka rẹ̀ tó wà l'Óṣòdì, l'Ékòó, dípúlómà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn àwọn ọmọ mìíràn, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ní 2023, ìdajì àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ló ń gbà ju 60,000 dọ́là lọ lọ́dún. Nǹkan bí ọdún 2 ni wọ́n ń lò nílé-ẹ̀kọ́, ó kéré tán wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ 16 ṣiṣẹ́ níwájú aláìsàn, wọ́n á ṣe ìdánwò àjọ NBCOT, kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí wọ́n bá wà. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí: ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nílẹ̀ mìíràn kò lè fi ìwé ẹ̀rí yẹn ṣe ìdánwò náà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́hùn-ún ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Ẹni tó ti gba dìgírì OT nílẹ̀ mìíràn ló lè ní kí wọ́n yẹ ìwé òun wò. Ní ìlú ọba, wọn kì í forúkọ olùrànlọ́wọ́ sílẹ̀ bíi ti OT, ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ wá san owó fún ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́ta tó máa gbé ọmọ yín dé Amẹ́ríkà, ẹ di àpò yín mú. Ẹ béèrè ọsibítù tí ọmọ náà ti máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì sọ OT tó máa dúró lé e lórí níbẹ̀. Ẹ bi ìgbìmọ̀ yẹn fúnra wọn bóyá wọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ má lo nọ́ńbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún yín.

Ẹni tí kò lọ́mọ tó fẹ́ rán lọ náà lè rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Ṣíbí tí wọ́n fi rọ́bà wé kó lè nípọn lọ́wọ́, àga ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ga fún arúgbó, irin ìdìmú lára ògiri, pákó tí wọ́n á fi ti kẹ̀kẹ́ arọ gun ẹnu ọ̀nà: kò sí èyí tí káfíńtà tàbí wẹ́dà Ìjàyè kò lè ṣe nínú wọn. Àmọ́ ẹ má ṣe é lójú lásán. Àga tó bá fi ìka mẹ́ta ga jù lè gbé aláìsàn ṣubú, orúkọ oníṣẹ́ ló sì máa bà jẹ́. Ẹ̀ka OT wà ní UCH n'Ìbàdàn. Ẹ gbé ọ̀kan tẹ́ ẹ ṣe lọ síbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ ìwọ̀n tó yẹ kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ tó ra igi fún ogún mìíràn.