OÒGÙN TÓ ṢIṢẸ́ NÍNÚ ÌGÒ, TÍ KÒ ṢIṢẸ́ LÁRA ÈNÌYÀN

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó rántí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kọ̀rónà dé, ariwo ta pé chloroquine, oògùn ibà tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ń wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré rà á. Ní Èkó, àwọn kan lò ó jù, ó sì sọ wọ́n di èrò ilé ìwòsàn. Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ fi kọ́kọ́ ní ìrètí nínú oògùn yìí?

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn wà. Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Àwọn onímọ̀ a máa mú un láti ara ẹranko tàbí ènìyàn, wọn a sì máa bọ́ ọ nínú ìgò kí ó lè máa pọ̀ sí i. Ọ̀kan tó lókìkí ni Vero, tí wọ́n mú láti inú kíndìnrín ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Chiba, ní Japan, lọ́dún 1962. Òmíràn ni Calu-3, tí ó wá láti inú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn.

Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni kọ̀rónà lè wọ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí à ń pè ní ACE2 lára sẹ́ẹ̀lì kí ó tó lè dì mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì A549 wá láti inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, ṣùgbọ́n ACE2 rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà kọ̀rónà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Vero ní ACE2, kò sì lè ṣe interferon, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ta ara wọn lólobó pé ọ̀tá ti dé. Ìdí nìyí tí kọ̀rónà fi ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kọ̀rónà ń gbà wọlé. Vero a kọ́kọ́ gbé e mì sínú àpò kékeré kan. Ìkan inú àpò náà ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti jáde sínú sẹ́ẹ̀lì. Chloroquine a máa dín ìkan yẹn kù, ọ̀nà a sì dí. Ṣùgbọ́n lójú ara Calu-3, èròjà kan wà tó ń jẹ́ TMPRSS2, tí ó ń ṣí ọ̀nà fún kọ̀rónà láti ìta, tí kò fi nílò àpò. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Jámánì dán oògùn náà wò lára méjèèjì: ó dá kọ̀rónà dúró nínú Vero, kò dá a dúró nínú Calu-3.

Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, ìwádìí RECOVERY ní Britain, lára aláìsàn tó lé ní 4,600, fi hàn pé hydroxychloroquine, ọmọ ìyá chloroquine, kò dín ikú kù.

Kò sí ẹni tó parọ́ nípa Vero. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a fi kíndìnrín ọ̀bọ ṣe ìdájọ́ fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa lọ́la pé oògùn kan ti pa àrùn nínú ìgò, kí a bi í ní ìbéèrè méjì kí a tó fọwọ́ kan oògùn náà: sẹ́ẹ̀lì wo ni? Ǹjẹ́ wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn?