Kí Ènìyàn Tó San Owó fún Kóòṣì

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ kóòṣì lórí pápá bọ́ọ̀lù: kì í gbá bọ́ọ̀lù náà, ṣùgbọ́n òun ni ó ń tọ́ àwọn tí ń gbá a sọ́nà. Irú mìíràn ti wà nísinsìnyí, tí ń gba owó láti tọ́ ènìyàn sọ́nà nínú iṣẹ́ tàbí ìgbé-ayé rẹ̀. Ìpolówó wọn ń dé orí tẹlifóònù ní Ìbẹ̀rẹ̀kò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dé Èkó, iye tí àwọn mìíràn sì ń béèrè lè tó odidi owó ìṣòwò ẹni tí ń ta àgbọn.

Orí pápá eré ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1974, Timothy Gallwey, ará Amẹ́ríkà tí ń kọ́ni ní eré tẹníìsì, ṣe ìwé kan tí ó fi hàn pé ohun tí ń dí eléré lọ́wọ́ nínú ọkàn ara rẹ̀ le ju ẹni tí ó dojú kọ ọ́ lọ. John Whitmore, tí ó ti fi ọkọ̀ sáré ìje rí, wà lára àwọn tí ó gbé èrò náà wọ ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà kóòṣì yàtọ̀ sí ọ̀gá. Ọ̀gá aránṣọ yóò fi bí a ti ń gé aṣọ han ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Kóòṣì yóò béèrè ni: Kí ni ẹ ń fẹ́? Níbo ni ọ̀ràn dé báyìí? Ọ̀nà wo ni ó wà? Èwo ni ẹ óò ṣe, ní ọjọ́ wo? Bí wọ́n bá tún pàdé, yóò béèrè bóyá a ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo aránṣọ kan tí aṣọ oníbàárà kì í parí lọ́wọ́ rẹ̀ kí Iléyá tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé kò mọ kóòtù gé, ọ̀gá ni ó yẹ kí ó wá. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ ni ó bàjẹ́, owó ni ó ń fẹ́: àjọ LSETF, tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ń yá oníṣòwò kéékèèké lówó. Bí oorun àti oúnjẹ bá ti kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ilé-ìwòsàn ni kí ó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ohun tí ó yẹ, tí ó sì ń sún un síwájú lójoojúmọ́, kóòṣì lè wúlò fún un, bí kò bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá àtijọ́ tí yóò máa bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ni ó lè pe ara rẹ̀ ní kóòṣì. Kò rí bí ti dókítà. Àwòrán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́. Kí a béèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ International Coaching Federation, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, ń béèrè ó kéré tán wákàtí 60 ẹ̀kọ́ àti wákàtí 100 lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó fún ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́. Kí àdéhùn wà lórí ìwé: iye ìpàdé, iye owó, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tí ó kù bí a bá fẹ́ dúró lágbedeméjì. Ẹni tí ó bá ṣèlérí ọrọ̀ ní oṣù mẹ́ta, tí ó sì ní kí a sanwó lónìí kí àyè má bàa kún, kí a fi í sílẹ̀.