Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ « non remboursable » sí: owó wo la ṣì lè gbà padà?

Nílé ọkọ mi ní Àjàṣẹ́, èmi ni wọ́n máa ń gbé ìwé tó bá ta kókó wá bá. Torí pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbà pé kò sí Faransé tí mi ò lè tú. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lyon pè mí lórí WhatsApp: « Ìyàwó wa, jọ̀ọ́ bá mi ka ìwé yìí. Wọ́n ní owó mi ti wọgbó. »

Ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Kétu ni wọ́n fẹ́ wá ṣe. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ láti Paris sí Kútọnu, yúrò 420, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta lọ́pọ̀. Àfi bí àwọn àgbà ẹbí ṣe sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kúkú mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe rí, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè òkun bóyá ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n san yúrò 100 láti yí ọjọ́ àlọ padà, 100 fún ti àbọ̀, kí wọ́n tún fi 260 lé e torí pé ọjọ́ tuntun bọ́ sí ìsinmi Àjíǹde. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 460. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì 420! Wọ́n kọ « non remboursable » sí ìwé náà gàdàgbà, ẹ̀gbọ́n sì ti fẹ́ gbà pé ó ti parí.

Kò tíì parí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹyọ kan. Apá kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Apá kejì jẹ́ owó ìjọba àti owó pápákọ̀ òfurufú, èyí tí wọ́n ń kọ ní « taxes et redevances ». Apá kejì yìí, ilé-iṣẹ́ náà kàn ń bá wọn gbà á ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n ń san lórí ẹni tó bá wọkọ̀ gan-an. Bí ẹ ò bá wọkọ̀, tí wọ́n sì mú un dání, ẹ rí i pé owó tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń jẹ. Òfin Faransé tó ń dáàbò bo oníbàárà, abala L224-66, sọ ọ́ kedere: kí wọ́n dá a padà láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè, ohun yòówù tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá gba ọ̀nà míì, owó tí wọ́n máa yọ kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100 ohun tí wọ́n ń dá padà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: « surcharge transporteur » tàbí « surcharge carburant » kò sí nínú ẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń tò ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ owó ìjọba, kí ojú wa lè fò ó.

Ẹ̀gbọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun níbòmíì ní yúrò 440, wọ́n sì béèrè owó ìjọba ti àkọ́kọ́. Kò pé oṣù kan, yúrò 118 wọlé sí báǹkì wọn. Ẹ fi 655,957 sọ ọ́ di pípọ̀, ó lé ní sefa 77.000. Ohun tí wọ́n san lójú ọ̀nà tuntun yìí jẹ́ 322, dípò 460. Owó rẹpẹtẹ kọ́ o, ṣùgbọ́n ìyẹn ló san aṣọ ẹbí wọn.

Torí náà, kí ẹ tó tẹ « modifier », ẹ ṣe ìṣirò. Owó àyípadà máa ń ní orí méjì: owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àti ìyàtọ̀ láàárín iye tí ẹ rà á àti iye tí ó ń lọ lónìí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń pa èèyàn. Bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé ló ń wọ́n sí i.

Mo máa ń gbọ́ pé ní Faransé, èèyàn ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lórí ohunkóhun tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni, ní ti tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin náà yọ ìrìn àjò sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé káàdì báǹkì bíi Visa Premier tàbí Gold Mastercard ní ìdáàbòbò tirẹ̀ nínú, tó lè san owó tíkẹ́ẹ̀tì padà bí àìsàn tàbí ikú ẹbí tó súnmọ́ni bá dá ìrìn àjò dúró. Káàdì yẹn gan-an ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì o, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ báǹkì kí ẹ tó ra ìdáàbòbò míì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń nà sí yín.

Orúkọ ńkọ́? Àwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni tó ń jẹ́ Ajíbádé, « Adjibadé » ló wà nínú páásì ti Bẹ̀nẹ̀, « Ajibade » sì ni ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Èkó mọ̀. Adéṣínà di « Adéchina ». Bí ọmọ yẹn bá bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì, bó ṣe mọ̀ ọ́n ló máa kọ ọ́. Àtúnṣe lẹ́tà kan tàbí méjì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó díẹ̀ bí ẹ bá tètè pè. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ wọn bá kà á sí orúkọ ẹlòmíì, owó rẹ̀ lè ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ ya àwòrán páásì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń rà á. Ẹ má pe orúkọ lẹ́nu lórí fóònù.

Gbogbo èyí, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ yí ìrìn àjò padà ni. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló fagi lé e, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Òfin Yúróòpù kan wà, nọ́mbà 261 ti ọdún 2004. Ó bo gbogbo ọkọ̀ òfurufú tó bá gbéra láti Yúróòpù, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ni ín. Ní ti èyí tó gbéra láti Kútọnu lọ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ Yúróòpù nìkan ló mú. Bí wọ́n bá fagi lé e, ẹ̀yin lẹ máa yàn: kí wọ́n dá gbogbo owó padà láàárín ọjọ́ 7, tàbí kí wọ́n wá ọkọ̀ míì fún yín. Owó ni o! « Bon d'achat » tàbí « avoir », ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè fi í san yín. Ẹ má kàn tẹ « j'accepte » torí pé bọ́tìnì náà tóbi, tó sì ní àwọ̀ ewé.

Lẹ́yìn èyí ni owó ìtanràn: yúrò 250 fún ọ̀nà tí kò ju kìlómítà 1.500 lọ, 400 títí dé 3.500, 600 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Paris sí Kútọnu wà nínú ti 600. Wọ́n máa san án bí wọn ò bá sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tàbí bí ẹ bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé. Ìjì tàbí ohun tó ju agbára wọn lọ máa ń yọ wọ́n. Ẹ́ńjìnnì tó kàn bàjẹ́ kì í sábà yọ wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n má sáré fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì fúnra wọn nígbà tí ariwo ìyanṣẹ́lódì bá ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fagi lé e ló máa ru ẹrù náà. Ẹ dúró dìgbà tí ilé-iṣẹ́ máa sọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti sanwó, tí ọjọ́ 60 sì kọjá láìsí èsì, Médiateur Tourisme et Voyage wà ní Faransé, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Níhìn-ín, UEMOA ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2003, ANAC sì ni kí ẹ kọ̀wé sí ní Bẹ̀nẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí owó ń gbà lọ: kí èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú kan wá sí Paris, kó sì ra òmíì lọ́tọ̀ sí Kútọnu. Bí àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kejì kò mọ̀ yín rí; owó yín ló lọ. Beauvais ni Ryanair sì ń balẹ̀ sí, kìí ṣe Charles de Gaulle. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn ní bọ́ọ̀sì kì í ṣe eré. Bí ẹ bá lè rí i rà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Níkẹyìn, àwọn tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ládùúgbò. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ ímeèlì àti nọ́mbà tiwọn síbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá yí àkókò padà, ọ̀dọ̀ wọn ni ìròyìn ń lọ. Bí owó bá padà, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ń balẹ̀ sí. Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ímeèlì yín àti nọ́mbà yín, kí wọ́n sì fún yín ní « référence » oní-lẹ́tà mẹ́fà náà. Ẹ fi wọlé sórí ojú òpó ilé-iṣẹ́ fúnra yín níṣojú wọn, kí ẹ rí orúkọ yín níbẹ̀.