Ìrìn Àgbà àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lásìkò Kòrónà

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílẹ̀ Yorùbá kì í dìídì jáde lọ rìn. Nǹkan mìíràn ló ń gbé wọn jáde, ìrìn sì ń bá a wọlé. Bàbá tó ń kírun márùn-ún ní mọ́sálásí àdúgbò ti lọ, ó ti bọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó sùn. Ìyá tó lọ ra ẹ̀kọ láàárọ̀, tó yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, tó tún lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́, ti rin ìrìn tí dókítà ń wí láìpè é ní eré ìdárayá.

Ìrìn yìí gan-an ni kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 dí lọ́nà. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ilé ìjọsìn ṣì wà ní títì l'Ékòó títí di oṣù Kẹjọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i pàápàá, wọ́n gba àwọn tó ti lé lẹ́ni ọdún 65 nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣì wà nílé. Ìmọ̀ràn náà nídìí, torí kòrónà ń pa àgbà ju ọ̀dọ́ lọ. Àmọ́ kò fi nǹkan kan rọ́pò ìrìn tó gbà lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo ayé ló kàn. Àwọn olùwádìí tó yẹ ìṣirò ìgbésẹ̀ inú fóònù àwọn èèyàn káàkiri orílẹ̀-èdè wò rí i pé, láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde àjàkálẹ̀ àrùn náà, ìgbésẹ̀ ojúmọ́ ti dín ní ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìrìn ṣe pàtàkì fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru: bí èèyàn bá ń rìn, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ara kì í tètè gbàgbé èyí: fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ìrìn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ fi sàn ju kí èèyàn rìn pa ara rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nìkan. Lára ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ìrìn déédéé lè fa nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi 5 sí 8. Èyí kì í ṣe kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kí èèyàn pa oògùn tì. Bí ìrìn bá sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èrè náà á lọ.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2020, tí kòrónà ṣì ń jà, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde: ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú eré ìdárayá lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n tí èèyàn á ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin. Ìlànà àtijọ́ kì í ka ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú 10. Tuntun ń kà á. Ìyẹn ni pé lílọ-bíbọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé fés-mí-n-fés-ọ náà wúlò. Ní ti ẹgbàárùn-ún ìgbésẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo, ìpolówó ẹ̀rọ aka-ìgbésẹ̀ kan ní Japan lọ́dún 1965 ló ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kó kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó tó dìde, torí òòyì lè gbé e ṣubú. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú sàn fún un ju sílípáàsì lọ. Bí àyà bá ń dunni, kí ìrìn dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wà ní 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó rí dókítà ná.

Àwọn ọmọ ló gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ òbí lásìkò kónílé-ó-gbélé: àwọn ló ń lọ lọ ata, àwọn ló ń lọ gba oògùn ní kẹ́míìsì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì tọ́ nígbà náà. Àrùn náà ti rọlẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ṣì ń bá òbí rẹ̀ jẹ́ gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kó dá díẹ̀ padà fún un, kó sì máa bá a rìn lọ bí àyè bá wà.