Opó Ìlú Brussels àti Ìkòkò Ànàmọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ilé lásán lè di sinimá? Chantal Akerman, ọmọbìnrin ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tí ó gbé Jeanne Dielman jáde ní 1975. Sinimá náà gbà ju wákàtí 3 lọ.

Delphine Seyrig ni ó ṣe opó inú rẹ̀, tí ó ń gba ọkùnrin sílé lọ́sàn-án fún owó kí òun àti ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Fún ọjọ́ 3 ni a ń wò ó bí ó ti ń bó ànàmọ́ òyìnbó, tí ó ń fọ àwo, tí ó ń tẹ́ ibùsùn. Lọ́jọ́ kejì, ànàmọ́ rọ̀ jù lórí iná. Láti ìgbà náà ni ètò rẹ̀ ti ń dàrú, títí ó fi pa ènìyàn. Seyrig kò pariwo, kò rojọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ní 2022, àwọn alárìíwísí tí ìwé ìròyìn Sight and Sound kó ìbò wọn jọ fi í ṣe èkínní nínú sinimá gbogbo ayé. Kò sí sinimá tí obìnrin darí tí ó dé ipò náà rí.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, iṣẹ́ tí a kò kà sí iṣẹ́ a máa wúwo. Ẹ má dá a rù. Ẹ pín in fún ọkọ àti ọmọ kí ìkòkò tó jóná.